Eyín Wa àti Iṣẹ́ Tuntun

  Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń dá wa lẹ́bi pé láti ìgbà tí a ti bímọ, a kò fi ìròhìn ìkómọ wa ránṣẹ́ sí ìwé yìí. Ó jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú gègé, a rí i pé a kò lè sọ ti ìkómọ náà kí a má mẹ́nu ba ti eyín, nítorí ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ bọ́ sí. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹnu ẹnì kan ni eyín náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló bá a jẹ ìrora rẹ̀, gbogbo ilé ló sì dá sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wí pé "àwa".

Ìyàwó wa bí ọmọbìnrin ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11 oṣù Júùnù 2024. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13, ìwé iṣẹ́ dé: kí a wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ẹrù ní tẹ́ṣàn rélùwéè tó wà ní Ujevwu, ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1 oṣù Júláì. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò. Ọmọ dé, iṣẹ́ dé, àwọn aládùúgbò wá ń jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí à ń rẹ́rìn-ín náà, apá ọ̀tún nìkan la fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ lójú wa, kí ẹ má baà pè wá ní òmùgọ̀ nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìyókù. Ìkìrun ni a ti ṣẹ̀ wá. Bàbá tó bí bàbá wa ṣe lébìrà lójú irin. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Ọ̀fà lọ sí òkè Ọya. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ bá ti wọ iṣẹ́ rélùwéè, wọ́n á ní ó ti ríṣẹ́, wọn kì í tún béèrè iye owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Warri tí bàbá wa wá tẹ̀dó sí kò ní ojú irin. 1987 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ èyí tó yẹ kó máa gbé òkúta irin láti Itakpe lọ sí Ajaokuta àti sí ilé iṣẹ́ irin ti Aladja. A bí wa ní ọdún tó tẹ̀ lé e. A dàgbà, a jáde ìwé mẹ́fà, a kọ́ṣẹ́, a gbéyàwó, ojú irin náà kò parí. Ọjọ́ 29 oṣù Sẹ̀ǹtẹ́ńbà 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, gáréèjì kan ní Effurun la ti ń kọ wébíìlì, nínú òjò, nínú oòrùn, àga wa sì jẹ́ táyà tó ti kú. Ẹni tó ní ìwé mẹ́fà péré, tí wọ́n wá fún ní tábìlì lábẹ́ fáànù, ẹ̀rù á máa bà á kí wọ́n má gba tábìlì náà padà. Ẹ rántí ẹ̀rù yìí. Òun ló fa gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ.

Eyín náà ńkọ́? Òun ni ìkẹyìn pátápátá nísàlẹ̀ lápá òsì. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní eyín ọgbọ́n, nítorí ìgbà tí ènìyàn bá ti ń gbọ́n ló ń hù, láàárín ọmọ ọdún 17 sí 25 fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn a ní ọ̀kan tàbí méjì, ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ ní rárá, kò sì sọ ọ́ di aláìgbọ́n. Tiwa pẹ́ kó tó yọjú. Ó dé bí èrò tó dé tẹ́ṣàn lẹ́yìn tí tírénì ti kún; àwọn tó ṣáájú ti jókòó tán. Ó wá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fi orí ti eyín tó wà níwájú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ jáde, ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ ẹran ìdí eyín. Abẹ́ ẹran yẹn ni oúnjẹ ń sá wọ̀, orín kò lè tọ̀ ọ́ débẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́, tí ẹran náà á wú, tí á máa ṣe ọyún.

Ó kọ́kọ́ dìde ní Ọ́gọ́ọ̀sì 2022. Ó tún dìde ní Dìsẹ́ńbà 2023. Ó tún dìde ní oṣù Méè 2024. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà kẹ́míìsì la gbà: kápúsù díẹ̀, oògùn ìrora díẹ̀, kànáfùrù tí a tẹ̀ mọ́ ọn, omi iyọ̀ lálaalẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, á lọ. Ẹ̀tàn tó burú jù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. A dun ni, a tún tuni lára, a wá máa rò pé a ti bọ́.

Ọjọ́ kejì tí ìwé iṣẹ́ dé, ìyàwó wa lé wa lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ọmọ rẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, síbẹ̀ ó rántí. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí kò ju àbúrò wa lọ, ní kí a fi ìka mẹ́ta wọ ẹnu wa ní òòró, ọ̀kan lórí èkejì, láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ó ní ẹnu àgbàlagbà tó dá ṣáká yóò gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tiwa gbà á lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó há díẹ̀. Ó ya àwòrán eyín náà, ó sì gbé e sí ojú iná kí àwa náà lè rí i. A rí i bó ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ọ̀mùtí. Lápá ọ̀tún, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì jáde tán.

Ó ní kí a fi ti ọ̀tún sílẹ̀, kí a kàn máa wá fi hàn án lọ́dọọdún. Ó ní ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ nígbà ìsinmi ilé ìwé, kó tó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, ìgbìmọ̀ tí ń fi ọ̀nà han àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ti sọ ní 2000 pé kí wọ́n má yọ eyín ọgbọ́n tí kò lárùn, nítorí yíyọ náà ní ewu tirẹ̀. Iṣan kan ń gba inú egungun àgbọ̀n kọjá nítòsí gbòǹgbò rẹ̀. Bí ọwọ́ bá kan án, ètè lè kú tipiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn díẹ̀. Èyí wọ̀ wá létí, nítorí a ti rò pé gbogbo dókítà eyín ló ń wá eyín tí yóò fà.

Ṣùgbọ́n ti òsì, ó ní kó jáde. Ó bi wá ní ìgbà tó ti dìde, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi bírò tọ́ka sí i: oṣù mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì, oṣù márùn-ún péré ló wà láàárín ìkejì àti ìkẹta. Ó ní àkókò tó dára jù láti yọ ọ́ ni ìgbà tí kò bá dun ni, bíi ti ọjọ́ náà gan-an. Ó ní ìbá tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní a wá ní ọmọ ogún ọdún, nígbà tí gbòǹgbò kò tíì gùn tán, tí egungun kò sì tíì le. Ní ọmọ ọdún 36, ojú rẹ̀ yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó san. Ó ní ìwúlé rẹ̀ a máa ga jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, a sì máa lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó fún wa ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 19. Ọjọ́ méjìlá nìyẹn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ìṣirò yóò rí i pé ó tó, ó sì tún ṣẹ́ kù.

A délé, ìgbìmọ̀ sì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16, ni Iléyá. Ìjọba fún gbogbo ènìyàn ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti sinmi, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ló sì jẹ́ ọjọ́ kẹjọ tí a ó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹran yóò wá láti ilé àwọn ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù ní iwájú àti ní ẹ̀yìn wa, ìrẹsì ìkómọ yóò wà nílẹ̀. Ta ni yóò yọ eyín kí ẹran tó tán? Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà nìkan. Owó tí a fi ra àpò ìrẹsì yẹn, ẹ rántí bí ìrẹsì ti rí ní 2024, ìbá tó yọ eyín náà kó sì ṣẹ́ kù. Owó kan náà ni. A sì ní ojúlùmọ̀ púpọ̀.

Ìyá ìyàwó wa, tó wá láti Ìkìrun wá wẹ ọmọ, kò fẹ́ gbọ́ yíyọ rárá. Ó ní, "Eyín tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbìn, ẹ fẹ́ hú u bí ẹ̀gẹ́?" Ó ti di orín àtá mọ́ ẹrù rẹ̀ wá. A kò ní bú orín àtá o. Ó ń ta lẹ́nu, ó ń fọ eyín mọ́, àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ó ń pa nínú àwọn kòkòrò tí ń ba ẹnu jẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí orín kò lè dé, kò lè dé e.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wá kí wa kú ewu ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n bí a kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó mi orí. "Àbúrò, ṣé o fẹ́ wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ jókòó níwájú ọ̀gá tuntun? Wọn yóò ní ilé ọtí lo ti jà. Jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá. Ìgbà tí wọ́n bá ti fún ọ ní ìwé pé o ti di tiwọn, yọ gbogbo eyín ẹnu rẹ bí o bá fẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára ju ti dókítà lọ, nítorí ohun tí ẹ̀rù wa ti ń sọ fún wa ló sọ.

Ìyàwó wa nìkan ni kò yí padà. Ọmọ wà lọ́mú, ó ní, "Baálé mi, bí ẹ bá yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ta ló ń retí yín ní ibi iṣẹ́ lọ́la? Kò sí. Bí ó bá wá dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?" A dá a lóhùn pé kì í sábà dìde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ. Ó wò wá. "Ẹ ti bá a ṣe àdéhùn?"

A kò lọ ní Ọjọ́rú náà. A fi ohùn kan pinnu, ìyẹn ni pé àwa pinnu, ìyàwó wa sì dákẹ́: a ó dúró di Òkìtóbà, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìdánwò. Ọmọ gba orúkọ, ìkómọ dùn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá àti àwọn tó fi ẹ̀bùn ránṣẹ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Júláì. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, a ń kọ orúkọ ẹrù, a ń wọn ẹrù, a ń pe ẹni tó ni ẹrù. Akọ̀wé ẹrù kì í fi ọwọ́ nìkan ṣiṣẹ́, ẹnu ló fi ń ṣe ìdajì rẹ̀. A kò ronú kan èyí rí.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 17, ó dìde. Èyí kì í ṣe bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí ó fi di agogo méjì òru, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún, ara gbóná, itọ́ sì nira láti gbé mì. Ìyàwó wa gbé ọmọ sílẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì ń fi ìka tẹ abẹ́ àgbọ̀n wa. A mọ ohun tó ń wá. Ní 2021, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lẹ táyà nítòsí wa ní Jakpa Road ní irú eyín yìí. Ó ń lo kápúsù láti kẹ́míìsì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kan ìwúlé náà sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n, ó le bí pákó, ó gbé ahọ́n rẹ̀ sókè, kò lè gbé itọ́ mì mọ́, mímí sì di ogun. Òru ni wọ́n gbé e dìgbàdìgbà, wọ́n sì ní láti la ọ̀fun rẹ̀ kí ó lè rí afẹ́fẹ́ mí. Ó yè. Àpá náà wà lọ́rùn rẹ̀ di òní, kọ́là ẹ̀wù ló fi ń bò ó.

"Kò tíì le," ni ìyàwó wa wí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Kò tíì le." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́, kò padà sùn. Ìyá rẹ̀ jókòó ti ọmọ, kò sọ̀rọ̀ orín mọ́.

Ẹ ó rò pé a gba ilé ìwòsàn lọ láàárọ̀. Ibi iṣẹ́ la lọ. Tábìlì la lọ ṣọ́. Ìyá kan fẹ́ fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí Agbor, ó bi wá ní iye tí yóò san ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ìka la fi ń dá a lóhùn, nítorí ẹnu wa kò ṣí ju ìka kan lọ. Ó bínú, ó ní ìgbéraga ti wọ àwọn akọ̀wé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún wọn ní fáànù. Ariwo rẹ̀ ló mú ọ̀gá wa jáde. Ó wo ojú wa, ó bi wá ní ohun tó ṣe wá, a kò lè sọ ọ́. A kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ẹrù: "Ẹ má bínú sà, eyín ni. A ń bẹ̀rù ìdánwò oṣù mẹ́ta."

Ó kà á tán, ó ní kí a jókòó. Ọ̀gá yìí ló là wá lójú sí ohun tí ó yẹ kí gbogbo ilé tó ní òṣìṣẹ́ mọ̀. Ìsinmi méjì la ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀kan ni líìfù ọdún, èyí tí kò tọ́ sí òṣìṣẹ́ títí yóò fi lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì ni ti àìsàn. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tó wà láti 1974, ka akọ̀wé mọ́ àwọn tó ń dáàbò bò, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró máa gba owó rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan, bí dókítà tó ní ìwé àṣẹ bá ti jẹ́rìí sí i. Ìwé dókítà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní "excuse duty". Òfin kò ní kí ọ̀gá fẹ́ràn ẹni o, ọ̀gá mìíràn ìbá sì ti wo wá ní ìwòkuwò. Ṣùgbọ́n ìwé náà wà, a kò sì mọ̀ pé ó wà, orí àìmọ̀ yẹn la ti fi ọ̀fun wa ta tẹ́tẹ́.

Dókítà kò bá wa wí. Ó ní òun kò lè yọ ọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹnu kò ṣí, ọyún sì ń bẹ níbẹ̀. Ó fọ abẹ́ ẹran náà, ó fún wa ní oògùn ọ̀sẹ̀ kan tó yàtọ̀ sí ti kẹ́míìsì, ó kọ ìwé ọjọ́ méjì. Ó ní kí a padà wá ní kíá bí a kò bá lè gbé itọ́ mì, bí abẹ́ àgbọ̀n bá le, tàbí bí mímí bá yí padà, ì báà jẹ́ òru. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26, ìka mẹ́ta wọlé. Ó fún wa ní abẹ́rẹ́, ó gé eyín náà sí méjì, ó sì mú un jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò dùn wá. Ariwo rẹ̀ nìkan ló burú, bí ìgbà tí wọ́n ń fa ìṣó kúrò lára pákó tó ti gbẹ, inú orí ara ẹni ló sì ti ń dún. Ó rán ojú rẹ̀, ó ní kí a di òwú mú. Kí a má jẹ ohun gbígbóná lọ́jọ́ náà. Kí a má fi omi iyọ̀ yọ́ ẹnu àfi ní ọjọ́ kejì, kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Kí a má tutọ́ tagbáratagbára. Kí a má mu sìgá. Kí a má fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa mínírà fa nǹkan mu.

A pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ìyá onílé gbé sítáàṣì àti ọbẹ̀ bánga wá kí wa, òórùn rẹ̀ gba ilé kan, a kàn ń wò ó, ẹ̀kọ mímu tútù la mu. A kò fi ọ̀pá fa nǹkan kan. Píọ̀ wọ́tà la ń mu. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń mu ún: a ó fi eyín já igun ọ̀rá, a ó sì máa fà á. Láti alẹ́ Ẹtì títí di Àìkú, ọ̀rá mélòó la fà? Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ọ̀rá àti ọ̀pá, fífà kan náà ni.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ojú ibi tí eyín ti kúrò, òun ni ìdérí egungun. Bí a bá fà á kúrò, egungun á wà ní ìhòòhò. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìrora kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tó ń lọ tààrà sí inú etí, adùn ẹnu wa sì dà bíi ti bàbà. A padà lọ. Dókítà fọ ojú rẹ̀, ó fi oògùn dí i. Oògùn náà ń rùn, a sì mọ òórùn rẹ̀: kànáfùrù ni, òróró rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí a délé, tí ìyá ìyàwó wa gbọ́ òórùn náà lẹ́nu wa, ó pàtẹ́wọ́. "Èmi ò wí?" Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wí i.

Ní Ẹtì, ọjọ́ 2 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ọjọ́ méjì fún ìwúlé, ọjọ́ kan fún yíyọ, ọjọ́ mẹ́rin fún egungun. Ọjọ́ méje nínú méjìlá tí òfin fún wa, láàárín oṣù kan àti ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ tuntun. Bí a bá ti yọ ọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Júùnù, bóyá a ìbá ti fa píọ̀ wọ́tà náà síbẹ̀, a mọ ara wa. Ṣùgbọ́n orí ibùsùn wa ni ìbá ti dùn wá, kò ní jẹ́ ojú ọ̀gá. Àti òru ọjọ́ 17 yẹn, tí ìyàwó wa ń fi ìka tẹ ọ̀fun wa, ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọjọ́. A kò mọ bí a ṣe lè san án fún un.

Ìwé pé a ti di òṣìṣẹ́ gidi dé ní Òkìtóbà. Eyín ọ̀tún ṣì wà lẹ́nu wa, kò dún, a sì fi oṣù tí a bí ọmọ ṣe àmì ìgbà tí a ó máa lọ fi hàn. Ọmọ náà ń ṣe dáadáa. Òun náà ti hu eyín, ó sì ti fi bu ìyá rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní kí a dúró, ó gbọ́ ìtàn náà ní ìpàdé ẹgbẹ́. Kò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí ìpàdé tú, ó fà wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Àbúrò, báwo lo ṣe ní wọ́n ń fi ìka yẹn wò ó?" A fi hàn án. Ó la ẹnu, ó gbìyànjú rẹ̀.

Méjì péré ló wọlé. Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwa la sìn ín lọ.